Ohun Tí Sálmà Sọ Lẹ́yìn Ìrun Màgàríbì

Ohun àkọ́kọ́ tó dẹ́rù bà mí ní Jẹ́dà ni bí wọ́n ṣe máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wà nínú ọ̀kan ní Karantínà, àdúgbò tí àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí ní apá gúúsù ìlú, mo ń wá ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n pe ìrun. Nígbà náà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ tì ní àkókò ìrun. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ pa iná, ó fa ilẹ̀kùn onírin wálẹ̀, ó lọ sí mọ́sálásí, èmi sì wà nínú. Kò rí mi lẹ́yìn àwọn àpò ìrẹsì.

Mùsùlùmí ni mí láti ilé. Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ní Ẹdẹ, ẹni tó ń tajà á kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà rẹ̀, á sì dìde padà tà. Mo dúró nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mi ò pariwo, nítorí mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún obìnrin àjòjì tí wọ́n bá bá nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn padà, òun gan-an ló pariwo. Ó ké "Bismillah!" ó sì fi ẹ̀yìn gbá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní ọṣẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n máa lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé yàrá wa, àmọ́ láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí rajà.

Bí ìbẹ̀rù mi ṣe rí níbí nìyẹn. Mi ò bẹ̀rù pé ẹnì kan á pa mí. Mò ń bẹ̀rù pé nǹkan á tì mọ́ mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀. Ìkáámà, ìwé tó ń jẹ́ kí àjòjì gbé ìlú yìí, orúkọ ọ̀gá ẹni ló wà lára rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tán, ìwé náà ò ní lè di tuntun, bí kò bá sì di tuntun, ilé ló kù. Ọmọ mi obìnrin, Rafíà, wà nílé lọ́dọ̀ màmá mi. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ilé tó ń gbé àti iléèwé tó ń lọ, iṣẹ́ mi níbí ló ń gbé wọn dúró. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ọ̀gá mi bá wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, àyà mi á já.

Ọ̀gá mi ni Àlàájì Nàsírù. Bàbá bàbá rẹ̀ wá ṣe hájì láti Ìlọrin, kò padà mọ́. Jẹ́dà ni wọ́n bí Àlàájì sí. Yorùbá tó ń sọ jẹ́ èyí tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nínú ilé, Lárúbáwá sì ń wọ inú rẹ̀ bí omi ṣe ń wọ gààrí. Lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Búṣírà, ni mo ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ ilé. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, mo sọ fún un pé nígbà tí mo jáde girama, mo ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó lọ pe ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Rafíà, wallahi, ẹ mọ inú ẹ̀rọ fídíò?"

"Mo mọ̀ ọ́n nù, Àlàájì. Mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ téèpù tó bá há."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Àwọn oníbàárà wa ni. Wọ́n máa ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà pẹ̀lú ẹ̀bà lára."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní àdúgbò Ṣaráfíyà nìyẹn. Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé. Nígbà tí Àlàájì wà ní ọmọdé, tẹlifíṣọ̀n máa ń fi eré àwọn ará Jàpáànì hàn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti fi ohùn Lárúbáwá rọ́pò ohùn wọn. Èyí tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn jù jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ apẹja ńlá lọ sí òkun ọ̀nà jíjìn, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń dúró dè é. Nínú Lárúbáwá, Sálmà ni wọ́n sọ ọmọ náà. Àwọn tó ni eré náà ní Jàpáànì ṣì ní àwòrán rẹ̀, ó mọ́ roro, wọ́n sì gbà kí Àlàájì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó lórí fóònù wọn. Ohùn Lárúbáwá ló ti sọnù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé, ẹni tó fi ohùn ṣe Sálmà sì ti kú. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn náà kù sí ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn fi gba eré náà sílẹ̀ fúnra wọn, tí ó wà lábẹ́ ibùsùn àti lórí àjà.

Wọ́n ń kó wọn wá fún wa. Ọ̀rinrin òkun Jẹ́dà kò dára fún téèpù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bu, ohun funfun bí ìyẹ̀fun ti bo ara wọn. Èmi ni mo ń tú kásẹ́ẹ̀tì náà, tí mo ń fi òwú àti sípírítì nù ún díẹ̀díẹ̀, tí mo ń fi í sínú ẹ̀rọ, tí mo sì ń fi íápíìsì sétí láti mọ èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́ jù. Bí mo ṣe gbọ́ Lárúbáwá dáadáa nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá ń rajà, àwọn ọlọ́jà máa ń wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí mò ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé inú eré àtijọ́.

Rafíà máa ń pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Kì í fẹ́ kí a rí ojú ara wa lórí fóònù. Ó ní ojú ń ti òun, ó tún ní dátà máa ń tán. Màmá mi ló ń pè ní Màmi. Èmi, Màmá Jẹ́dà ni mò ń jẹ́.

"Màmá Jẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ṣe lónìí?"

"Mo nu kásẹ́ẹ̀tì."

"Màmi ní kí n bi yín bóyá iṣẹ́ nìyẹn."

"Sọ fún Màmi pé iṣẹ́ ni."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọmọ kan ni. Bàbá rẹ̀ lọ sójú òkun."

"Ṣé ó padà dé?"

"A ò tíì dé ibẹ̀."

Ó ní Màmi ń pe òun láti wá jẹun. Lẹ́yìn irú ìpè bẹ́ẹ̀, mo máa ń jókòó pẹ̀lú fóònù lórí itan. Mo mọ ohùn ọmọ mi. Mo mọ̀ bó bá ní ọ̀fìnkìn, mo mọ̀ bó bá ń purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe ń rìn báyìí. Ọmọ kékeré tó ń sáré kiri ni mo fi sílẹ̀. Mo máa ń gbìyànjú láti fojú inú wo bó ṣe ń rìn lọ sí ilé ìdáná, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré náà ni mo ṣì ń rí.

Ìgbà tí a dé apá ìparí eré náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nínú apá yìí, bàbá Sálmà padà dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò léjìká. Sálmà gbé abọ́ kan lọ́wọ́, ó ń wò ó. Níbẹ̀ gan-an ni tẹlifíṣọ̀n dá eré dúró fún ìpè ìrun Màgàríbì. Lẹ́yìn ìpè, eré náà tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró. Ṣùgbọ́n nínú kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ibi tí bàbá náà ti dúró, ohun tó tẹ̀ lé e ni ibi tí wọ́n ti jẹun tán. Mo gbé òmíràn. Bákan náà. Mo gbé òmíràn. Bákan náà.

Àlàájì mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ilé tirẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ìgbà yẹn kì í gba ìpè ìrun sórí kásẹ́ẹ̀tì eré. Wọ́n ní kò yẹ kí orúkọ Ọlọ́run wà lórí ohun tí ẹnì kan lè fi orin bò lọ́la. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "Allahu Akbar" àkọ́kọ́, wọ́n á tẹ bọ́tìnì ìdádúró, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n á kírun. Kí wọ́n tó padà wá tẹ̀ ẹ́, Sálmà ti sọ̀rọ̀ tán.

"Gbogbo ilé ló kírun, Ìyá Rafíà!" Àlàájì fi ọwọ́ méjèèjì mú orí. "Gbogbo wọn!"

"Alhamdulillah," ni mo sọ, torí ẹnu mi ti mọ́ ọn lára.

"Alhamdulillah kẹ̀? Iṣẹ́ wa ti bàjẹ́!"

Ó kọ̀wé sí àwọn ará Jàpáànì. Wọ́n ní nínú èdè tiwọn, "ẹ káàbọ̀" ni ọmọ náà sọ. Ó bi wọ́n bóyá a lè fi ohùn ẹlòmíràn dí àlàfo náà. Wọ́n ní rárá, ohùn àtijọ́ lódindi ni àdéhùn, eré tí ìparí rẹ̀ kò pé kò ní jáde lórúkọ àwọn. Àlàájì wúkọ́. Ó ní bí a kò bá rí i, òun yóò ti yàrá náà pa, àti pé mo mọ̀ pé ìkáámà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òun kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tí òun lè fi orúkọ mi sí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá dùn mọ́ mi bó bá fi ìbínú sọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù oorun. Nínú ọkọ̀ tí a jọ máa ń wọ̀ láti Karantínà, àwọn obìnrin á máa sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ọlọ́pàá kó àti ẹni tí wọ́n dá padà sílé, èmi á yíjú sí fèrèsé. Mo ti máa ń rò pé ìlú tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ti di tirẹ̀ díẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ inú kásẹ́ẹ̀tì wọn, mo mọ ẹ̀rín àwọn ọmọ wọn tó wọ inú téèpù ní ìgbà èwe, mo mọ ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí eré ń lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n lọ, kò sí ilẹ̀kùn kan tí yóò dúró ṣí nítorí mi. Ibi tí mo sì ti wá, wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí mi.

Ọjọ́ kan, wọ́n pe Màgàríbì, Àlàájì àti àwọn aláṣọ ìsàlẹ̀ lọ sí mọ́sálásí. Èmi kò dìde. Mò ń ṣe nǹkan oṣù, obìnrin tó bá wà bẹ́ẹ̀ kì í kírun. Mo jókòó síbi ẹ̀rọ, ìka mi wà lórí bọ́tìnì ìdádúró, gbogbo ilé dákẹ́. Mo wo ìka mi. Ta ló máa ń jókòó nínú ilé nígbà tí gbogbo ilé bá ń kírun? Obìnrin tó bá wà bíi tèmi yìí ni. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ni yóò tẹ̀ ẹ́ lásìkò.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí fún Àlàájì? Ó wọlé, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń wò báyẹn. Mo ní orí ń fọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ṣé ọ̀gá ni n óò wá sọ ọ́ fún? Nígbà tó yá, ìbẹ̀rù ìkáámà ju ìtìjú lọ. Mo lọ bá Àlàájà Búṣírà nínú ilé ìdáná, mo sì dojú kọ agbada nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Ó fi ọwọ́ lu itan. "Yaa salaam! Àwọn ọkùnrin ti ń wá a láti ọjọ́ yìí, inú ara obìnrin ló wà!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù, ó sọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù àwọn obìnrin tí wọ́n jọ dàgbà ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà: ta ni kò kírun Màgàríbì lọ́jọ́ tí bàbá Sálmà padà dé?

Fóònù náà kò sinmi. Ọ̀kan ní, "Èmi ni, àmọ́ mo sùn lọ." Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin oníranù, ẹ ti dàgbà o!" Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọn bà mí lọ́kàn jẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, bí àwọn bá tiẹ̀ wà bẹ́ẹ̀, àwọn á dìde wọ yàrá bí ẹni tó fẹ́ lọ kírun, kí àwọn arákùnrin àwọn má baà mọ̀. Àlàájà Búṣírà náà gbà bẹ́ẹ̀. "Òótọ́ ni. Mo máa ń tẹ́ ẹní ìkírun gan-an."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi nínú ọkàn. Mo tiẹ̀ yọ báàgì ńlá náà jáde lábẹ́ ibùsùn, mo gbọn eruku rẹ̀, mo tún tì í padà.

Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti Mẹ́kà. Orúkọ rẹ̀ ni Àlàájà Mùnáyà, òun náà ọmọ àwọn tó wá ṣe hájì tí wọn ò padà. Ó ní ní ilé tiwọn ní àdúgbò Mìsfálà, òun, ìyá òun, àti àbúrò ìyá òun nìkan ló wà. "Kò sí ọkùnrin kankan. Ta ni mo fẹ́ sá fún? Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà níbí."

A gbéra ní òwúrọ̀, Àlàájì ń wakọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi gbé ẹ̀rọ fídíò sórí itan bí ọmọ. Àlàájà Mùnáyà ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀ kan láàárín àwọn òtẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń wá ṣe hájì. Ilé tó ti gba eré náà sílẹ̀ ti wó, wọ́n kọ́ òmíràn síbẹ̀, ìyẹn náà ti wó. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú.

"Èwo nínú yín ló ronú ọ̀rọ̀ yìí?" ó bèèrè.

Àlàájà Búṣírà tọ́ka sí mi. Àlàájì gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Ìwọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ yìí?" Ó di mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló ní kásẹ́ẹ̀tì náà kò ní jáde nílé òun. "Ohun tó bá kúrò ní Mìsfálà kì í padà wá. Ibí lẹ ti máa gbọ́ ọ."

Mo tú u lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀. Ó ti bu ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Téèpù náà ti gan, ó ń ró bí ewé gbígbẹ. Mo mọ̀ pé ó lè kọjá nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, bóyá kò sì ní kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù kí afẹ́fẹ́ má gbé eruku náà. Òógùn bò wá. Mo nù ún, mo nù ún, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀. Àlàájì so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Mo tẹ bọ́tìnì, mo sì fi ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà láti máa gbọ́ bó bá fẹ́ há.

Bàbá náà dé ẹnu ọ̀nà. Àpò wà léjìká rẹ̀. Àwòrán náà fò, ó dúró. Sálmà ń wò ó, abọ́ lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́.

"Man turiid, yaa ammi?" ni Sálmà sọ.

Ta ni ẹ ń wá? Ammi ni àwọn ọmọ ibí ń pe àgbàlagbà ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí.

"Laa, laa," Àlàájì ní. "'Ẹ káàbọ̀' ni wọ́n ní ó sọ!"

"Ní Jàpáànì nìyẹn," Àlàájà Mùnáyà dá a lóhùn. "Níbí, ohun tó sọ nìyẹn. Mo sọ fún àwọn ọmọ iléèwé wa nígbà náà, wọ́n ní mo purọ́. Ẹ dákẹ́, bàbá ẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Bàbá náà sọ àpò kalẹ̀. Kò sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní ilé Sálmà ni òun ń wá. Ọmọ náà ní ibí ni. Lẹ́yìn náà ni abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Téèpù náà dún ìnnn, mo rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó kọjá. Ó ti wọ kọ̀ǹpútà. Àlàájì ń fò sókè bí ọmọdé, àwọn obìnrin ń kígbe. Mo jókòó. Mò ń ronú nípa ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà sí Lárúbáwá ní ilé iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé yẹn. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ "ẹ káàbọ̀," ó sì kọ nǹkan mìíràn. Mo rò pé òun náà pẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ pé "ẹ káàbọ̀" kì í yá tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ sí Jẹ́dà, Àlàájì kò dákẹ́ nínú ọkọ̀. Àwọn ará Jàpáànì yóò gbà á. Eré mìíràn ń bọ̀, ó pọ̀ ju èyí lọ. "Ìkáámà yín, Ìyá Rafíà, lọ́la, khalas, ó parí! Ó ti di tuntun. Ẹ má bẹ̀rù mọ́."

Ohun tí mo ti ń dúró láti gbọ́ nìyẹn, àyà mi kò sì balẹ̀.

"Àlàájì," ni mo ní, "bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ bá mi gba físà àlọ-àbọ̀. Mo fẹ́ lọ sílé kí iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀."

Ó wò mí nínú dígí. "Báyìí? Iṣẹ́ ń bọ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀."

"Mo ti ṣe é, Àlàájì."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Àlàájì wakọ̀ lọ díẹ̀. "Ṣé ẹ máa padà wá?"

"Mi ò ní sọ fún ọmọ mi pé mò ń bọ̀," mo ní. "Bó bá ṣí ilẹ̀kùn tó sì dá mi mọ̀, màá padà wá. Bó bá bi mí pé ta ni mò ń wá, ẹ wá ẹlòmíràn."